Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Jẹ Oúnjẹ Olúwa ní Ẹ̀jìnrìn

Òórùn ìyẹ̀fun tó ń gbóná nínú páànù ni ó jí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Ọyẹ́ ti bo igi fúrúùtù tó wà láàárín ọgbà ilé wa ní Ìkòròdú, débi pé n kò rí kànga tó wà lábẹ́ rẹ̀. Màmá mi lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ iná èédú, ó fi ìborùn wé orí, ó ń yí búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan padà. Búrẹ́dì tí kò ní ìwúkàrà ni, irú èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lò fún oúnjẹ Olúwa. Òun ni ó máa ń ṣe é lóṣooṣù láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ bí ó bá ń ṣe é, nítorí àdúrà ló máa ń gbà, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

Búrẹ́dì ti ọjọ́ yẹn kéré. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ màmá mi lọ. Wọ́n ti sọ fún un pé arúgbó bíi méje péré ni yóò jẹ ẹ́, àti pé ìkẹyìn wọn ni.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé àdúgbò wa, tí àwọn èèyàn ń tò sábẹ́ agboòrùn ńlá létí títì láti fi fóònù ẹlòmíràn pe ará ilé wọn. Ìkìrun ni àwọn òbí mi ti wá. Yàrá méjì la háyà nínú ilé elérò púpọ̀. Màmá mi ń ránṣọ níwájú ilé. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó, á jáde nígbà tí àkùkọ ń kọ, á sì wọlé nígbà tí a bá ti jẹun tán. Bí mo bá ti ilé ìwé dé tí mo mú gúgúrú tàbí ẹ̀pà dání, màmá mi kì í jẹ́ kí n dá a jẹ. Àwọn ọmọ àwọn ayálégbé yòókù á ti máa wo ọwọ́ mi. Á ní, "Bùsáyọ̀, àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní." Mo kórìíra òwe yẹn púpọ̀, nítorí kì í pẹ́ tí gúgúrú fi ń tán.

Kí àbúrò mi Ayọ̀midé tó kú, bàbá mi máa ń kọrin bí ó bá ń wẹ̀. Gbogbo ilé ló máa ń gbọ́ ọ, àwọn kan á sì máa gbè é láti yàrá wọn. Ibà ni ó mú ọmọ náà ní àsìkò òjò. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ilé ìwẹ̀ wa dákẹ́. Bàbá mi kò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Alàgbà ni, ó ń lọ sí ìpàdé, ó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di àkókò oúnjẹ Olúwa, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń dìde lọ síwájú, á yí orúnkún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àwọn yòókù lè ráyè kọjá, á sì jókòó síbẹ̀. Èmi àti òun nìkan la máa ń ṣẹ́kù lórí bẹ́ǹṣì wa: èmi nítorí pé n kò tíì ṣe ìrìbọmi, òun nítorí ohun kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo gbọ́ nígbà kan tí màmá mi ń bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá. "Bàbá Bùsáyọ̀, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

"Èmi kò sunkún," bàbá mi dáhùn.

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn," màmá mi ní.

Ìjọ kékeré kan wà ní Ẹ̀jìnrìn, létí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́, tí àwọn àgbà ìjọ wa dá sílẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Wọ́n ní láyé ọjọ́un, bí ọjà Ẹ̀jìnrìn bá pé, ọkọ̀ ojú omi á bo èbúté bí eṣú. Nígbà tí ó fi máa di ayé tèmi, ọjà náà ti rọlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ wáṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ àti Èkó, ìjọ náà sì ti ku àwọn arúgbó díẹ̀. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti sán. Òjò ń rọ̀ sórí àwọn olùjọsìn. Ìgbìmọ̀ ìjọ wa wá pinnu pé kí wọ́n ti ibẹ̀ pa, kí wọ́n kó àwọn bẹ́ǹṣì àti agogo rẹ̀ wá sí Ìkòròdú. Bàbá mi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tí yóò lọ kó wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹkún kò lè yí i lọ́kàn padà.

Ní èbúté Ìpakodò, ní Ìkòròdú, la ti wọkọ̀. A kò pọ̀: Olùṣọ́àgùntàn wa, àwọn òbí mi, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mélòó kan tí wọ́n gbé okùn àti sípánà dání, àti èmi tí kò sẹ́ni tí wọn yóò fi mí tì nílé. Ràsákì ló ni ọkọ̀ náà, ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ ni, mùsùlùmí ni, ó sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Òun ló máa ń gbé àwọn èèyàn ìjọ wa bí wọ́n bá ń gba orí omi lọ sóde. Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ṣé òkú lẹ ń lọ sin ni? Kò sẹ́ni tó ń kọrin lónìí." Olùṣọ́àgùntàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá mi ń wo omi.

N kò tíì rí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọyẹ́ ti so ọ̀sà pọ̀ mọ́ ojú ọ̀run, n kò sì mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn apẹja yọ lójijì láti inú kùrukùru, wọ́n dúró lórí ọkọ̀ wọn bí ẹni tó dúró lórí afẹ́fẹ́, wọ́n na ọwọ́ kí wa, wọ́n sì tún parẹ́. Ojú oró dì mọ́ ẹ́ńjìnnì wa lẹ́ẹ̀kan, Ràsákì pa á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, mo di ọwọ́ bàbá mi mú. Ó jẹ́ kí n dì í mú, ṣùgbọ́n òun kò di tèmi mú.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ ní Ẹ̀jìnrìn, tí a gòkè dé ṣọ́ọ̀ṣì náà, gbogbo wa dúró. Arúgbó méje kọ́ ló ń dúró dè wá. Àgbàlá kún fún èèyàn. Àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwọn apẹja, àwọn ìyá tó pọnmọ, àwọn tó wọ aṣọ ọ̀nà jíjìn láti Ẹ̀pẹ́. Bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ sí Olùṣọ́àgùntàn létí pé ó dà bíi pé wọ́n wá bá wa jà.

Wọn kò wá jà. Màmá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Dọ́káàsì ló pè wọ́n. Òun ló dàgbà jù nínú ìjọ náà, igi ló fi ń tilẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí gbogbo abúlé tó wà láyìíká, sí àwọn tó ti lọ, àwọn tí bàbá wọn àgbà bá wọn kọ́ ilé náà, àwọn tí kò tíì wọ inú rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n sọ fún wọn: "Ẹ wá bá mi jẹun ìkẹyìn."

Èmi, bàbá mi àti màmá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Oòrùn gba ihò òrùlé wọlé, ó ń tàn sórí ejìká àwọn èèyàn káàkiri. Nígbà tí Olùṣọ́àgùntàn ṣí aṣọ funfun kúrò lórí búrẹ́dì, màmá mi gbé ọwọ́ lé àyà. Mo mọ ohun tó ń rò. Búrẹ́dì náà kò lè kárí.

Àṣà wọn níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Wọn kì í jẹ ẹ́ bí wọ́n bá ti gbà á. Wọn á dì í mú títí yóò fi kárí, kí gbogbo wọn lè jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Olùṣọ́àgùntàn dúpẹ́, ó fọ́ ọ, ó sì ń rìn láti ìlà dé ìlà. Èyí tó ń fún wọn kò tóbi ju èékánná lọ. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa dé ìdajì ilé, àwo ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Ó dúró. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin sáré lọ wá búrẹ́dì kan rà.

"Rárá o," Màmá Dọ́káàsì ní láti iwájú. Èdè Ìjẹ̀bú ló ń sọ. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé mi ni mò ń sọ yìí. "Ẹ má ra nǹkan kan. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa tó wa."

Ó yíjú sẹ́yìn, ó ṣẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì lé ọwọ́ ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò rí gbà. Lẹ́yìn náà, apẹja kan tí okùn àwọ̀n ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di líle ṣẹ́ tirẹ̀, ó nà án sẹ́yìn. Obìnrin kan ṣẹ́ tirẹ̀ fún ọkùnrin kan tó jẹ́ pé, bí a ṣe wá mọ̀ nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n kí ara wọn láti ọdún pípẹ́. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Láti iwájú dé ẹ̀yìn, èèyàn ń yíjú sí èèyàn. Mo ń gbọ́ ìró búrẹ́dì gbígbẹ tó ń ṣẹ́, ìró kékeré, níbí, lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí òjò ń kán díẹ̀díẹ̀ sórí ewé. N kò mọ ohun tí mò ń wò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò yẹ kí n mí sókè.

Ó dé ọwọ́ màmá mi. Ó ṣẹ́ tirẹ̀, ó nà án sí bàbá mi. Bàbá mi mi orí. Ó ti yí orúnkún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní iwájú, Màmá Dọ́káàsì ti dìde. Mo rò pé ó fẹ́ jáde ni. Ó tẹ igi rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bọ̀ láàárín ilé, díẹ̀díẹ̀, gbogbo ojú sì tẹ̀lé e títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

"Alàgbà," ó ní, "ọwọ́ yín ṣófo."

"Màmá, ẹ máa jẹ tiyín," bàbá mi fèsì jẹ́jẹ́. "Èmi kì í jẹ ẹ́."

"Kí ló dé?"

N kò rò pé yóò dáhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ayọ̀midé, kò tíì sọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ létí mi rí.

"Ọmọ mi kú," ó ní.

Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Màmá mi bo ojú. Màmá Dọ́káàsì kò sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kò sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó mi orí sókè sódò, bí ẹni tí wọ́n sọ orúkọ ìlú rẹ̀ fún.

"Èmi náà sin tèmi," ó ní. "Orí bẹ́ǹṣì tí ẹ jókòó sí yìí ni mo wà fún ọdún kan gbáko. Bí ẹ ṣe ń rí mi tí mò ń rìn lọ síwájú yìí, n kò fẹsẹ̀ ara mi rìn ín. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ló gbé mi. Àwọn mìíràn nínú wọn ti wà nínú ilẹ̀ báyìí." Ó ṣẹ́ èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ohun tí kò tóbi ju ìdajì ẹ̀wà lọ mọ́. "Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. A ó dúró dè yín. Kò sẹ́ni tó máa jẹ nínú wa àfi bí ẹ bá gbà á."

Mo yíjú wo ilé. Òtítọ́ ló sọ. Gbogbo wọn dúró, oníkálùkù di èérún tirẹ̀ mú sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń wo bàbá mi. Kò sí ìbínú lójú ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn tí a wá gbé agogo wọn lọ ni. Ọmọ ọwọ́ kan ké, ìyá rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Bàbá mi na ọwọ́. Bí búrẹ́dì náà ṣe kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ báyìí, ohùn kan jáde láti inú rẹ̀ tí n kò gbọ́ rí, bí igi ńlá tó fẹ́ wó. Màmá Dọ́káàsì gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń wúre fún ọmọ kékeré. Olùṣọ́àgùntàn sọ láti iwájú pé, "Ẹ jẹ́ kí a jẹ ẹ́." Wọ́n jẹ ẹ́ pọ̀. Bàbá mi jẹ ẹ́, ó ń sunkún. Wọ́n gbé ife ọtí àjàrà kan ṣoṣo káàkiri, tí oníkálùkù kàn ń fi ètè kàn án, ẹnìkan sì dá orin sílẹ̀ láti igun kan. Gbogbo ilé gbè é, débi pé mo rí eruku tó ń já bọ́ láti ara òrùlé nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Nígbà tí ìsìn parí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí a bá wá gbé okùn àti sípánà wọn lọ sídìí òpó tí agogo so mọ́, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi. Ó jáde sí oòrùn, ojú rẹ̀ wú. Ó wo agogo, ó wo ògiri tó sán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ara ògiri náà bí ẹni tó ń yẹ ẹṣin wò.

"Ẹ kó sípánà yẹn padà sínú àpò," ó ní. Ó wá yíjú sí àwọn ará Ẹ̀jìnrìn. "Ògiri yìí kò lè kọjá òjò tó ń bọ̀. Ta ló ní ṣọ́bìrì?"

Kò rọrùn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bínú pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an kọ́ ló jẹ́. Bàbá mi jókòó níwájú wọn, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, kò fi ti ara rẹ̀ pamọ́. Ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, méjì nínú àwọn tó bínú wà nínú ọkọ̀ Ràsákì pẹ̀lú wa. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn la fi ń lọ. Àwọn apẹja ń wa yanrìn láti inú ọ̀sà, àwọn àgbẹ̀ ń mọ búlọ́ọ̀kù, àwa ọmọdé ń pọnmi sí i kó má baà sán. Ràsákì a máa gbé sìmẹ́ńtì wá, lẹ́yìn náà á ká ṣòkòtò, á bá wọn rù ú gòkè. Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, Ọlọ́run tèmi náà ń wò mí." Bí àkókò ìrun bá tó, á lọ sétí omi, á kírun tirẹ̀, wọn á sì bu oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ dè é.

Ní ọ̀sán kan, èmi àti màmá mi wà nídìí ìkòkò. Bàbá mi wà lórí àkàbà, ó ń rẹ́ ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Kò mọ̀ pé òun ń kọrin. Màmá mi dá ọwọ́ ìrokà dúró, ó gbé orí sókè, kò sì mi títí orin náà fi parí. Lẹ́yìn náà ló fi etí ìró nu ojú, ó ní kí n wá igi sí iná.

A kan òrùlé kí òjò tó dé. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìwàásù. Gbogbo wa gbójú sókè, à ń wá ibi tí yóò ti jò. Kò jò níbì kankan. Màmá Dọ́káàsì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọdún díẹ̀ sí i láyé, ó sì rí ọjọ́ tí wọ́n ri èmi náà bọ omi nínú ọ̀sà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.

Nígbà tí mò ń múra àtilọ sí yunifásítì, mo bi bàbá mi léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó gba búrẹ́dì náà. Ó ń nu bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ebi ni," ó ní. "Ebi ti ń pa mí láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti lọ, n kò sì mọ̀, àfìgbà tó kan ahọ́n mi."

Mo ti bímọ báyìí. Mo ti jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì ti mọ díẹ̀ nínú ohun tí bàbá mi gbé jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà náà gbà pé búrẹ́dì náà pọ̀ sí i ni. Mo sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì wa ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ wa sì rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti dàgbà mọ̀ pé kò pọ̀ sí i. Ó ń kéré sí i ni, bó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, títí tó fi dà bí èérún tí èèyàn máa ń gbọ̀n kúrò lára aṣọ. Ìyẹn gan-an ló ń ya mí lẹ́nu jù lọ nísinsìnyí. Bí mo bá wà ní ìlà lónìí pẹ̀lú àwọn èèyàn tí n kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n sì fi èyí tó kéré bẹ́ẹ̀ sí mi lọ́wọ́, n kì í tètè jẹ ẹ́. Mo máa ń kọ́kọ́ wo ọ̀tún, mo máa ń wo òsì, bóyá màá rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.